Ìdáméwàá Ti Kí Ni?

Nígbà tí Ìyá Ìdáméwàá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá kan wá láti olú iléeṣẹ́, ó dìde, ó sọ̀rọ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ takuntakun ni. Ó ní kì í pẹ́ lẹ́yìn. Ó ní àpẹẹrẹ rere ni fún gbogbo wa. Mo jókòó síbẹ̀, inú ń bí mi díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ yẹn, tí wọ́n bá yọ orúkọ Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pè é, kúrò níbẹ̀, wọ́n lè kà á fún àga. Wọ́n pàtẹ́wọ́, èmi náà pa tèmi, mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé bí ọ̀gá kò bá mọ ẹni tó wá dágbére fún, èmi tí mo bá a ṣiṣẹ́ títí ewú fi yọ lórí tèmi náà, mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni màá sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn wa ni tirẹ̀, níbi tí a ti ń wọn ọmọ tuntun. Bẹ́ǹṣì onígi méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì kan, fèrèsé kan tí kì í tì dáadáa, àti òṣùwọ̀n aláwọ̀ búlúù tó ní abọ́ fífẹ̀ lórí. Màmá a máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra abọ́ náà títí yóò fi lọ́ wọ́rọ́ kó tó gbé ọmọ sí i. Ó ní kò sí àgbàlagbà tí wọ́n máa bọ́ aṣọ lára rẹ̀, tí wọ́n á gbé ka orí irin tútù, tí kò ní pariwo ju ọmọdé lọ.

Àwọn ìyá ọmọ ló sọ ọ́ ní Ìyá Ìdáméwàá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà a máa rò pé ó ń gba owó fún ilé ìjọsìn kan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tuntun, kí ẹ máa wò ó, ó máa ń rù díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan tó kọ́kọ́ lò láyé, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Kò sí aburú níbẹ̀. Àmọ́ tí ohun tó bọ́ lára rẹ̀ bá ti ju ìdáméwàá ìwọ̀n ọjọ́ tí a bí i lọ, ìyẹn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní pàsẹ́ǹtì mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà kò rí ọmú mu tó. Ó yẹ kí dókítà wò ó kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Àwa nọ́ọ̀sì lè ṣe ìṣirò náà fún wọn, a sì ń ṣe é. Màmá ní ìyẹn kò tó. Ó ní ìyá ọmọ ló ń gbé ọmọ lọ sílé, nítorí náà ìyá ọmọ ló yẹ kó gbé òǹkà ọmọ rẹ̀ sórí.

Ìdí nìyẹn tí yàrá yẹn fi máa ń dà bíi kíláàsì láràárọ̀. Màmá á dúró níwájú bẹ́ǹṣì, á fi ọwọ́ sí ìbàdí.

"Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ kú ewu. Ta ló ń bẹ̀rù ìṣirò níbí?"

Gbogbo ọwọ́ á gòkè, àwọn mìíràn á na méjèèjì.

"Ẹ wo ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé oyún títí, tẹ́ ẹ rọbí, tẹ́ ẹ bí i. Òǹkà lásán ló wá ń lé yín sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ìwọ tó o jókòó létí fèrèsé, kí ni wọ́n wọn ọmọ tìẹ?"

"3,400, Màmá."

"Gíráàmù ni, má jẹ́ kí wọ́n rò pé kílò ni, wọn ò ní sùn lálẹ́ yìí. Fi ìka bo òdo tó kẹ́yìn mọ́lẹ̀. Kí ló kù?"

"340."

"Ìdáméwàá nìyẹn. O ò lo bíró, o ò lo ẹ̀rọ. Yọ 340 kúrò nínú 3,400."

Ìyá ọmọ á wo òkè àjà, á ṣí ẹnu, á pa á dé. "3,060."

"Gbé e sórí, má gbé e sínú báàgì. Ọjọ́ tí wọ́n bá wọn ọmọ ẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ 3,060, má dúró kí ẹnikẹ́ni pè ọ́. Gbé e wá."

Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá Màmá dúró? Ìṣirò ń pa á bí ọtí. Á ní tí ẹ bá ti ní ìdáméwàá lọ́wọ́, gbogbo ìdá yòókù ti di ẹrú yín. Ẹ fẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún? Ẹ pín in sí méjì. Ẹ fẹ́ ìdá kan? Ẹ bo òǹkà méjì mọ́lẹ̀ dípò ẹyọ kan. Tó bá wá rí i pé ẹnu wọn ti ń yà, á mú èyí tó fẹ́ràn jù jáde.

"Ẹ bá mi wá ìdá méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ti àádọ́ta. Ẹ má wá a kiri. Ẹ kàn pe òǹkà náà lórúkọ, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ. Méjì dín ní ogún. Ó ti sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún yín: ẹ mú ogún, kẹ́ ẹ dín méjì kù níbẹ̀. Ìdáméwàá àádọ́ta jẹ́ márùn-ún, ìlọ́po méjì ẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá, ìyẹn ìdá ogún. Ìdá kan jẹ́ ààbọ̀, ìdá méjì wá jẹ́ ẹyọ kan. Mẹ́wàá dín ẹyọ kan?"

"Mẹ́sàn-án!"

"Àwọn tó fún òǹkà lórúkọ ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ kí wọ́n tó lọ sùn. Ó dáa, ẹ yí i po. Ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ti méjìdínlógún ńkọ́? Kí ni ìdajì méjìdínlógún?"

"Mẹ́sàn-án!"

"Ẹ gbé e síwájú, ẹ gbé e sẹ́yìn, ọmọ kan náà ni."

Àwọn obìnrin á bú sẹ́rìn-ín. Mo ti rí èyí tó wọlé tẹkúntẹkún nítorí pé kò sùn, tó sì jáde tó ń bi ọkọ rẹ̀ ní ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ti ọgọ́rin ní ẹnu ọ̀nà. Ọkọ ní kí ló dé, ṣé ara rẹ̀ yá.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá kì í fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Bàbá ọmọ kan wá nígbà kan, awakọ̀ ni, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Màmá, mo ti kà á. Láti àná sí òní, ìdá mẹ́ta péré ló lọ. Láti ìjẹta sí àná, ìdá mẹ́rin. Láti ìjẹrin sí ìjẹta, ìdá mẹ́rin náà. Kò sí èyí tó dé mẹ́wàá."

Ojú Màmá le. "Ta ló ní kẹ́ ẹ kà á láti àná? Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ sínú kànga, tó bá jẹ́ àtẹ̀gùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ nìkan ló ń wò, ojoojúmọ́ lá máa sọ pé òun ò tíì jìn. Ibi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa kà á, bàbá. Ọjọ́ tí wọ́n bí i. Kò sí ibòmíì." Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mú un lọ bá dókítà fúnra rẹ̀. Ọmọ yẹn ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù báyìí.

Màmá ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Olóríkunkun ló máa ń pè é, tìfẹ́tìfẹ́ àti tìbínútìbínú, ó sinmi lórí ọjọ́. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, nígbà tó máa ń ti iléèwé wá jókòó sí yàrá wa, tí á máa fi ẹsẹ̀ gbá bẹ́ǹṣì. Ojú mi ló ṣe tí ìyá rẹ̀ máa ń fi ìbéèrè bò ó. Bó bá ń jẹun, ìdá ogún ti ọgọ́ta. Bó bá ń fọ abọ́, ìdá márùndínláàádọ́ta ti ọgọ́ta. Ọmọ náà á wo ilẹ̀, á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Màmá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ wo ọmọ alápatà tó ń fi eyín jẹ egungun." Mi ò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn, mo sì sọ fún un. Ó ní eré ni òun ń bá a ṣe.

Ọmọ dàgbà, ó kọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ìyá rẹ̀ fẹ́, ó kọ́ irun dídì. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ó ní oníbàárà, ó fẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n sì kó lọ sí ìlú tó jìn. Màmá kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ irun yẹn fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá bi í léèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Ó wà lọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀," bí ẹni pé iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ. Ó sọ fún mi lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, Mọ̀mọ́ mi gbà pé mi ò lórí." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó bímọ, ìlú ọkọ rẹ̀ ló bí i sí. Ìròyìn náà bá wa lẹ́nu iṣẹ́. Màmá gbọ́ fóònù, ó ké, ó fi fóònù sílẹ̀ sínú abọ́ òṣùwọ̀n, ó dì mọ́ mi, ó dì mọ́ obìnrin tó ń nu ilẹ̀, ó dì mọ́ igi ìnulẹ̀ pàápàá. Mo bi í pé, "Kílò mélòó, Màmá?"

Ó fọwọ́ dà mí nù. "Mo ní ọmọ ti dé, ò ń bi mí ní kílò!"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kì í bèèrè akọ tàbí abo kó tó bèèrè ìwọ̀n!

Ọkọ ọmọ náà kò ráyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ìyá ọmọ wá lo àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ Màmá. Bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ nílé ìwòsàn ló wọkọ̀. Màmá gba ìsinmi. Òṣùwọ̀n kan wà nílé rẹ̀, èyí tí ilé ìwòsàn wa ti pa tì. Ó tún un ṣe, ó fi páálí ṣúgà dán an wò títí ó fi péye. Orí òṣùwọ̀n yẹn ló gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ kà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo yà lọ kí wọn. Mo ra ọṣẹ àti ìbora ọmọ dání. Ọ̀sán ni, oòrùn ń ti inú kọ́tìnnì wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ọmọ fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ó rọra rẹ́rìn-ín sí mi, mo sì rí i pé ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ọmọ ń sùn. Ọkùnrin ni, irun orí rẹ̀ kún, ojú rẹ̀ kéré.

"Wo ọmọ tí kì í sunkún," ni Màmá wí. Ó ń yan kiri inú yàrá. "Láti ìgbà tó ti dé, a ò mọ̀ pé ọmọ wà nínú ilé. Kò fìwà jọ ìyá ẹ̀ rárá. Ìyá ẹ̀ yìí? Gbogbo àdúgbò ló bá mi tọ́ ọ."

"Ṣé ó ń mu ọmú dáadáa?" ni mo bi ìyá ọmọ.

"Ó ń mu ún, àmọ́ ó máa ń sùn lẹ́nu ẹ̀. Ó sì ń dùn mí gan-an."

"Gbogbo ọmú ló ń dùn ní ìbẹ̀rẹ̀," ni Màmá dáhùn kí n tó sọ̀rọ̀. "Jẹ́ ká wọn ọ́n kí ẹ̀gbọ́n ẹ rí i."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra abọ́ òṣùwọ̀n, ó gbé ọmọ sí i. Ọmọ náà ṣí ojú kan, ó tún un pa dé. Kò ké.

"2,840," ni Màmá kà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò sókè, bó ṣe máa ń ṣe níwájú bẹ́ǹṣì, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò. "2,980 ló jẹ́. Ìdáméwàá ẹ̀, 298. Ìdajì ìyẹn, 149. Ohun tó lọ lára ẹ̀, 140 péré. Kò tíì tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé o rí i? Ọmọ ń sinmi ìrìn àjò ni."

Mo ṣírò tẹ̀lé e lọ́kàn, ó péye. Mo ti ń mi orí.

Ìyá ọmọ di ojú rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ láìṣí i. "Mọ̀mọ́. 298 yẹn, ìdáméwàá ti kí ni?"

"Ti ọmọ ẹ ni. Ti kí ló tún kù?"

"298 kọ́ ni ti ọmọ mi. 320 ni tiẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó ti jókòó dáadáa báyìí. "3,200 ni wọ́n wọn ọ́n nígbà tí mo bí i. Wọ́n kà á sí mi létí, mo sì kà á tẹ̀lé wọn. Ẹ bo òdo tó kẹ́yìn mọ́lẹ̀, 320. Ẹ yọ ọ́, ó ku 2,880. Òṣùwọ̀n yín ní 2,840." Ó nawọ́ sí abọ́ tí ọmọ wà nínú rẹ̀. "A ti kọjá ibẹ̀, Mọ̀mọ́. Mo rò pé ẹ ti mọ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wọn ọ́n, tẹ́ ẹ ní ó dáa, mo rò pé láti 3,200 lẹ ti ń kà á."

Màmá ti ṣe ohun tó bá bàbá awakọ̀ yẹn wí lé lórí: ó ti kà á láti àárín kànga. Ìwọ̀n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọmọ wọ ilé rẹ̀, 2,980 yẹn, ló fi ṣe ti ọjọ́ tí ọmọ wọ ayé.

Ṣùgbọ́n kò gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ìfẹ́ tí mo ní sí i kò ní kí n parọ́. Ó ní, "Òṣùwọ̀n tọ̀hún lè má péye. Ta ló mọ ìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe? Ilé ìwòsàn yẹn, mo mọ̀ wọ́n." Kò mọ̀ wọ́n rí. Ó tún ní, "Ìwọ náà, ó rẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, o lè ṣì í gbọ́. Òǹkà kì í ṣe iṣẹ́ ẹ."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá ọmọ gbé ọwọ́ sókè sí mi. Omi ti kún ojú rẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kó dà.

"Mọ̀mọ́, mi ò bá yín jà. Ẹyọ ìlédìí kan ni mo pààrọ̀ láti àárọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tutù. Tó bá jẹ́ ìyá ọmọ kan ló jókòó síwájú yín ní yàrá yín, tó ní òṣùwọ̀n ọjọ́ ìbí lè má péye, tó ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun kà á láti ìjẹta, kí lẹ máa sọ fún un?"

Màmá ṣí ẹnu. Ó wo ọmọ tó wà nínú abọ́, ó wò ó pẹ́. Ojú tó fi wò ó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ó fi ìka kan ètè rẹ̀, ó rí i pé ó gbẹ. Ó fa awọ ikùn rẹ̀ díẹ̀, kò tètè padà sípò.

"Màá ní kó gbé ọmọ ẹ̀ wá," ló wí.

Ó lọ wọ bàtà, òsì sí ọ̀tún, ó tún un wọ̀. Èmi ni mo gbé ọmọ. Nínú takisí, mo gbọ́ tó ń kùn sábẹ́ ohùn: "360 ló lọ. Ìdá kan jẹ́ 32. 320 àti 32, 352. Ó ṣì ku mẹ́jọ. Ìdá mọ́kànlá ó lé." Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, bóyá á rí ibi tí òun ti ṣì í. Ìdá mọ́kànlá ó lé náà ni. A ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì wà nínú yàrá yẹn, nọ́ọ̀sì sì ni àwa méjèèjì, ẹni tó kéré jù níbẹ̀ ló rí i pé orí ọmọ ti wọ́.

Dókítà ilé ìwòsàn wa gbà wá láìjẹ́ ká dúró. Ó yẹ ọmọ wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní omi ti ń gbẹ lára rẹ̀, àmọ́ kò tíì burú jù, a tètè dé. Ó ní tó bá di ọ̀la, ọ̀rọ̀ mìíràn ni a ó máa sọ. Ọmọ tí kì í sunkún, a ti ń yìn ín, kò ní agbára tí yóò fi sunkún ni. Ìdí tó fi ń sùn lẹ́nu ọmú náà nìyẹn. Orí ọmú nìkan ló ń gbá mú, ó ń ṣiṣẹ́ láìrí èrè, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ń sùn.

A fi ọwọ́ fún omi ọmú sínú ife kékeré, a fi ṣíbí rọra kán an sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀. Mo bá ìyá rẹ̀ tún bó ṣe ń gbé e ṣe, kí àgbọ̀n ọmọ lè kan ọmú dáadáa, kí ẹnu rẹ̀ lè gba púpọ̀. Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, obìnrin tó ti kọ́ gbogbo àdúgbò ní ohun tí mò ń ṣe yìí, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kò sún mọ́ wa. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó gbé e mì. Ìgbà tó yá, ó fa ojú ro, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì fi igbe bọnu.

Igbe náà! Àwọn aláìsàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yọjú. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò tijú. Màmá jáde síta.

Mo bá a lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, níbi tí a máa ń gbé igi ìnulẹ̀ sá sí. Mo jókòó tì í. Mo ní ká má sọ ọ́ di nǹkan, bí ọ̀bẹ bá mú títí, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Má fi òwe rẹ̀ mí lẹ́kún," ló wí. "Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé ni mo ti rí i pé ó kéré. Ẹ̀rù bà mí. Mo wá lọ wá òǹkà tó máa jẹ́ kí n sùn." Ó nu imú. "Èmi tí mo ń sọ fún wọn pé òǹkà kì í tan ni jẹ. Òótọ́ ni, kì í tan ni jẹ. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tàn mí jẹ."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tí a padà wọlé, ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Olóríkunkun, ìgbà wo lo mọ̀ ọ́n báyìí?"

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń fi bọ́ mi pẹ̀lú oúnjẹ, Mọ̀mọ́. Gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀. Mo kàn rí i pé tí mo bá ṣì í, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ní mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ tún máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyẹn kì í dùn mí tó bẹ́ẹ̀."

Màmá mú ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora, ó sì ń rọra ra á bó ṣe máa ń ra abọ́ òṣùwọ̀n. "Má bínú," ló wí. Mi ò gbọ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu rẹ̀ rí sí ẹni tó kéré sí i. Ọmọ náà sún ẹsẹ̀ kejì fún un.

Ìgbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kọ́ rẹ̀ yí padà. Kì í tún fi ìka bo òdo ṣáájú. Ohun tó kọ́kọ́ ń bi wọ́n ni, "Níbo lọmọ yín ti bẹ̀rẹ̀?" Tí wọ́n bá dáhùn tán, á sọ ìtàn ìyá àgbà kan fún wọn, nọ́ọ̀sì tó gbọ́n ju gbogbo ayé lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òǹkà pa ọmọ-ọmọ rẹ̀ láìmọ̀. Àwọn obìnrin á pòṣé. Èyí tó gbọ́n lára wọn á ní, "Irú ìyá àgbà wo nìyẹn?" Màmá á ní, "Èmi ni." Á wá fi kún un pé ẹni iwájú tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́gbọ́n, kí ìjìn òun má lọ lásán. Tí ẹnikẹ́ni bá sì bi í léèrè iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní onídìrí ni, ọwọ́ rẹ̀ dáa, ṣé wọ́n fẹ́ nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó lò gbẹ̀yìn lẹ́nu iṣẹ́, kí ọ̀gá tó wá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa, ìyá ọmọ gbé ọmọ wá fún ìwọ̀n kó tó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Yàrá kún. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn yòókù, ó dúró kí ó kàn án. Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ ra abọ́, ó gbé ọmọ sí i. Ọmọ náà ti sanra lọ́rùn, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ìwọ̀n dúró lórí 3,520. Mo rí ètè Màmá tó ti ń mì, ó fẹ́ ṣírò. Ó pa á dé. Ó yíjú sí bẹ́ǹṣì, ó sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń bá gbogbo ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

"Ìyá ọmọ, ẹ bá wa kà á."

Ọmọ rẹ̀ dìde, ó wá wò ó. Kò wo òkè àjà. "Ó ti fi 320 lé. Ìdáméwàá gẹ́lẹ́."

"Ìdáméwàá ti kí ni?"

"Ti ìwọ̀n ọjọ́ tí mo bí i, Mọ̀mọ́."

"Ó péye," ni Màmá wí. Ó gbé ọmọ náà sí èjìká, ó kọjú sí fèrèsé tí kì í tì dáadáa yẹn, ó ní eruku ti kó sí òun lójú, kí a pe ẹni tó kàn.